Àyè fún Ẹ, Ọ àti Ṣ: Ìtàn Kíbọ́ọ̀dù àti Lẹ́tà Yorùbá

Ìwé ìtàn agbo ilé wa wà nínú àpótí onírin kan ní yàrá bàbá àgbà mi. Ojú ìwé 43 ni. Bàbá àgbà fúnra wọn ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ akọ̀wé. Tàìpúráítà wọn kò ní ẹ, kò ní ọ, kò ní ṣ, kò sì ní àmì ohùn kankan. Nítorí náà, bí wọ́n bá ti tẹ ojú ìwé kan tán, wọn a mú gègé oníyíǹkì búlúù, wọn a sì fi ọwọ́ kan àwọn àmì náà sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí a kò bá rí àdán, òòbẹ̀ la fi ń ṣẹbọ.

Ní ọdún kan, òjò jò wọ inú àpótí náà. Omi wẹ yíǹkì búlúù lọ lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ojú ìwé, ṣùgbọ́n kò rí lẹ́tà tí ẹ̀rọ tẹ̀ gbé ṣe, nítorí òróró wà nínú yíǹkì ríbọ́ọ̀nù tàìpúráítà. Ohun tí ẹ̀rọ kọ ló kù. Ohun tí Bàbá àgbà fi ọwọ́ kọ ló lọ.

A kò mọ̀ pé àdánù ńlá ni títí di ìpàdé ẹbí tí a ṣe ní ọdún méjì sẹ́yìn. Ẹnì kan ka gbólóhùn kan jáde láti ojú ìwé 17. Bí ó ṣe wà lórí ìwé nìyí: “Nigba ti o ku die ki baba wa ku, o fi oko re le akobi re lowo.” Ó kà á sí oko, ibi tí a ti ń dáko. Ó ní ẹ̀rí ti dé wàyí pé ìdílé àkọ́bí nìkan ló ni ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn odò. Ariwo ta. Ẹlòmíràn ní ọkọ́ ni, irinṣẹ́ àgbẹ̀. Nígbà tí wọ́n bi Bàbá àgbà, wọ́n ní, “Ọ̀kọ̀ ni mo kọ. Ọdẹ ni bàbá wa. Ọ̀kọ̀ tí wọ́n fi ń ṣọdẹ ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́.” Àwọn kan gbà. Àwọn kan ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé arúgbó ti ń gbàgbé nǹkan. Ojú Bàbá àgbà kò sì ríran tó láti ka ìwé náà fúnra wọn mọ́.

Ìbéèrè tí mo gbé kúrò ní ìpàdé náà ni pé: kí ló dé tí ẹ̀rọ kò fi ní lẹ́tà wa? Ìdáhùn rẹ̀ ni mo wá lọ sínú ìtàn, òun náà ló sì mú mi dé ìdí irin gbígbóná tí wọ́n fi ń yọ́ òjé.

Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé èdè wa ló pẹ́ dé, pé ẹ̀rọ ti wà nílẹ̀ kí àwọn àgbà wa tó fẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843. Ní 1855, Karl Richard Lepsius, ọ̀mọ̀wé kan ní Jámánì, gbé ìwé kan jáde tó dábàá pé kí a máa fi àmì sí abẹ́ lẹ́tà fún àwọn ìró tí àwọn èdè Yúróòpù kò ní lẹ́tà fún. Ní 1859, Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta. Ní 1875, àwọn oníwàásù àti àwọn olùkọ́ ṣe ìpàdé ní Èkó lórí àkọtọ́ Yorùbá. Nígbà tó fi máa di 1884, odindi Bíbélì ti wà ní èdè Yorùbá.

Àwọn tó ń tẹ ìwé nígbà náà kò ní ìṣòro tí Bàbá àgbà ní. Lẹ́tà onírin ni wọ́n ń tò lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá ti rọ ẹ kan, wọ́n lè tò ó sí àárín b àti r bí wọ́n ṣe ń to lẹ́tà èyíkéyìí. Kò sí iye lẹ́tà tí àpótí wọn kò lè gbà.

Tàìpúráítà ló yí èyí padà. Ní 1868, Christopher Latham Sholes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Milwaukee, ní Amẹ́ríkà, gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ kan tó ń tẹ lẹ́tà. Ilé iṣẹ́ Remington, tó ń rọ ìbọn tẹ́lẹ̀, ló gbé ẹ̀rọ náà dé ọjà ní 1874. Ọdún kan péré ló kù kí ìpàdé Èkó wáyé. Ìyẹn ni pé láàárín ọdún méjì yìí, àwọn kan jókòó ní Èkó, wọ́n ń fi àyè fún ẹ, ọ àti ṣ nínú álífábẹ́ẹ̀tì, àwọn mìíràn sì ń ta ẹ̀rọ tí kò ní àyè fún wọn ní òdìkejì òkun. Wọn kò mọ ara wọn.

Nínú tàìpúráítà, orí apá irin ni lẹ́tà wà. Bí a bá tẹ bọ́tìnnì, apá náà á dìde, á sì gbá lẹ́tà mọ́ ìwé. Iye apá irin tó lè wọ inú ẹ̀rọ ní òdiwọ̀n. Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tilẹ̀ kò lè tẹ lẹ́tà kékeré. Ní 1878 ni ẹ̀rọ kejì ti Remington tó ṣe é. Bí àyè bá há, ẹni tó ń ṣe ẹ̀rọ ló ń pinnu ẹni tó máa jókòó àti ẹni tó máa dúró síta. Q jókòó, bẹ́ẹ̀ ni z àti x. Ẹ dúró síta. Kì í ṣe pé kò ṣeé ṣe. Àwọn tó ń ta tàìpúráítà fún àwọn Faransé fi bọ́tìnnì kan sí i tó jẹ́ pé bí a bá tẹ̀ ẹ́, àmì nìkan ló máa jáde, ìwé kò ní sún. Lẹ́yìn náà ni a ó tẹ lẹ́tà sábẹ́ àmì náà. Ọgbọ́n yìí ì bá ti tó fún wa. Ẹ̀rọ tó dé ọ́fíìsì Bàbá àgbà kò ní in ni.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, mo rò pé ìṣòro náà á ti tán. Ní 1963, wọ́n fẹnu kò ní Amẹ́ríkà lórí àtòjọ tí wọ́n ń pè ní ASCII, tó fún lẹ́tà àti àmì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Àyè 128 péré ló wà níbẹ̀. A kò sí nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun kan ti yí padà, èyí tí ojú kò rí. Nígbà tí ilé iṣẹ́ IBM gbé kọ̀ǹpútà PC jáde ní 1981, bọ́tìnnì 83 ló wà lórí kíbọ́ọ̀dù rẹ̀, ẹ̀rọ kékeré kan tó ń jẹ́ Intel 8048 sì wà nínú rẹ̀. Òun ni kọntírólà, ọpọlọ kíbọ́ọ̀dù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa wò bóyá ẹnì kan ti tẹ bọ́tìnnì, kí ó sì sọ fún kọ̀ǹpútà ibi tí bọ́tìnnì náà wà. Kì í fi lẹ́tà ránṣẹ́. Nọ́ńbà àyè ló ń fi ránṣẹ́. Láti ìgbà náà ni lẹ́tà ti kúrò nínú irin. Ohun tí a kọ sórí bọ́tìnnì kò ju ọ̀dà lọ. Inú ètò tí ẹnì kan kọ ni ìpinnu wà. Ètò inú 8048 yìí, ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, ẹni tó rà á kò lè yí i padà.

Ní 1993, ẹ, ọ àti ṣ wọ inú Unicode, àtòjọ tó fẹ́ gba gbogbo lẹ́tà ayé. Àwọn ará Vietnam náà ń fi àmì sí abẹ́ e àti o nínú èdè tiwọn, nítorí náà ìjókòó kan náà ni wọ́n bá wa pín. Àwọn ọmọ Yorùbá sì ti ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀mọ̀wé Túndé Adégbọlá, tó dá African Languages Technology Initiative sílẹ̀ ní Ìbàdàn, ṣe kíbọ́ọ̀dù Yorùbá. Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí YorubaName gbé ètò ìtẹ̀wé Yorùbá sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Fóònù ìyá mi náà lè tẹ ọ. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ tẹ ojú ìwé 43, mo sì fẹ́ mọ bí ọpọlọ kíbọ́ọ̀dù ṣe ń ronú. Mo pinnu láti so ọ̀kan fúnra mi.

Bọ̀ọ̀dá Wálé, àbúrò ìyá mi, ń tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe. Mo ní kí wọ́n kọ́ mi. Wọ́n ní, “Ṣé ìwọ tó ò lè di okùn bàtà dáadáa?” Síbẹ̀ wọ́n fún mi ní àga kan nínú ṣọ́ọ̀bù wọn.

A ra kọntírólà tí wọ́n ń pè ní Pro Micro. Kò gùn ju ìka ọwọ́ mi lọ. A kó súìṣì 48 jọ, káfíńtà kan sì bá wa lu ihò 48 sára pákó tẹ́ẹ́rẹ́, mìlímítà 14 ní ìbú àti òró. Bí bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan bá fẹ́ ní wáyà tirẹ̀ lọ sí ọpọlọ, wáyà 48 la máa nílò, bẹ́ẹ̀ ojú 18 péré ni Pro Micro ní tí a lè so nǹkan mọ́. Ọgbọ́n tí wọ́n ń dá sí i kò yàtọ̀ sí bí a ṣe ń júwe ilé ní àdúgbò tí òpópónà rẹ̀ dábùú ara wọn. A to bọ́tìnnì sí ìlà ìbú 4 àti ìlà òró 12. Wáyà 16 ti tó. Kọntírólà á pe ìlà ìbú kìíní, á wo ìlà òró 12. Á pe ìkejì, á tún wò wọ́n. Ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ yíká lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ibi tí iná bá ti kọjá, ibẹ̀ ni ìka wà.

Ewu kan wà níbẹ̀. Bí a bá tẹ bọ́tìnnì mẹ́ta tó wà ní igun mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, iná lè gba ẹ̀yìn yọ sí igun kẹrin, kọntírólà á sì rò pé a tẹ bọ́tìnnì tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn. Nítorí èyí ni a ṣe ń fi dáyóòdù kan sí ìdí súìṣì kọ̀ọ̀kan. Dáyóòdù dà bí ilẹ̀kùn tí ń ṣí sí apá kan ṣoṣo. Ìlà dúdú kan wà lára rẹ̀ tó ń fi apá tí iná ń gbà jáde hàn. Nínú ti wa, ìlà dúdú gbọ́dọ̀ kọjú sí wáyà ìlà ìbú.

Bọ̀ọ̀dá Wálé kọ́ mi pé kí n má ṣe yọ́ òjé sórí irin kí n wá lọ fi pa á bí ẹni ń fi bọ́tà pa búrẹ́dì. Ẹsẹ̀ súìṣì àti wáyà ni irin gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú gbóná pọ̀. Lẹ́yìn náà ni a ó fi òjé kàn wọ́n, á sì sàn yí wọn ká fúnra rẹ̀. Bí ó bá dán, ó dára. Bí ó bá ṣú tó sì ṣe kókó, kò mú, bó tilẹ̀ dà bí ẹni pé ó mú. Tánńganran àti òjé ló wà nínú àdàpọ̀ náà, nítorí náà fèrèsé gbọ́dọ̀ ṣí, mo sì gbọ́dọ̀ fọ ọwọ́ kí n tó jẹun. Ẹ̀yìn pákó ni a ti ń so ó, ọ̀tún á wá di òsì. Mo lẹ tépù mọ́ ìlà kọ̀ọ̀kan, mo kọ nọ́ńbà sí i. Ọjọ́ Sátidé mẹ́rin ni mo fi ṣe é.

Kí n tó kọ ètò sínú kọntírólà, mo jókòó láti pín àyè. Álífábẹ́ẹ̀tì wa jẹ́ 25. Kò sí c, q, v, x àti z nínú rẹ̀. Lẹ́tà márùn-ún nìyẹn tí ó gba ìjókòó tí Yorùbá kò lò. Mo wá ka ohun tí a kò ní: ẹ, ọ, ṣ, àmì ohùn òkè, àmì ohùn ìsàlẹ̀. Márùn-ún ni àwọn náà. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì kó tó dá mi lójú. Mo fi ẹ sí àyè q, ṣ sí àyè z, ọ sí àyè x, àmì ohùn òkè sí àyè c, àmì ohùn ìsàlẹ̀ sí àyè v. Àwọn márùn-ún ti tẹ́lẹ̀ kò sọnù. Bí mo bá di bọ́tìnnì kan mú, wọ́n á jáde, nítorí a ní ẹbí tó ń jẹ́ Victoria. QMK, ètò ọ̀fẹ́ tí àwọn tó ń ṣe kíbọ́ọ̀dù ń lò, ni mo fi kọ ọ́. Bí mo bá tẹ àyè q báyìí, kọntírólà á bá mi tẹ Ctrl, Shift àti U, á tẹ 1eb9 tẹ̀lé e kí n tó ṣẹ́jú, ẹ á sì jáde lórí kọ̀ǹpútà Linux tó wà ní ṣọ́ọ̀bù.

Ọjọ́ tí a dán an wò, ìlà ìbú kẹta kò sọ̀rọ̀. Orí ìlà yẹn gan-an ni ṣ, ọ àti àmì ohùn méjèèjì wà. Ẹ nìkan ló ń dáhùn lórí ìlà òkè. Mo gbà pé ojú tí mo so mọ́ kọntírólà ni kò mú. Mo fi irin gbígbóná kàn án. Kò dáhùn. Mo tún kàn án, mo tún kàn án, títí bàbà ojú náà fi ṣí kúrò lára kọntírólà. Omi bọ́ lójú mi. Bọ̀ọ̀dá Wálé kò bínú. Wọ́n ní ojú 18 ló ní, a lo 16, kí n gbé wáyà náà lọ sí ọ̀kan nínú èyí tó ṣẹ́ kù, kí n sì yí nọ́ńbà rẹ̀ padà nínú ètò. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ìlà kẹta ṣì dákẹ́.

Ìgbà yẹn ni wọ́n mú mítà, wọ́n fi kan dáyóòdù ìlà náà. Wọ́n ní, “Wo ìlà dúdú.” Gbogbo dáyóòdù 12 ni mo ti so sódì. Kò sí ohun tó ṣe kọntírólà láti ìbẹ̀rẹ̀. Èmi ni mo ti ilẹ̀kùn, tí mo wá ń lu onílé. Mo rántí àwọn tó ní Bàbá àgbà ń gbàgbé. Mo gé dáyóòdù 12 náà kúrò, mo so tuntun. Àmì ohùn òkè jáde lórí a: á. Bọ̀ọ̀dá Wálé pàtẹ́wọ́.

Báyìí, ní ọ̀sán Sátidé, bàbá mi á ka ojú ìwé àtijọ́ sókè, Bàbá àgbà á sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí, èmi á sì tẹ̀ ẹ́. Kí n tó tẹ o kọ̀ọ̀kan, mo gbọ́dọ̀ pinnu bóyá bọ́tìnnì o ni tàbí x, nítorí náà mo ń wo ìwé náà fínnífínní ju bí ẹnikẹ́ni ṣe wò ó rí lọ. Nígbà tí a dé ojú ìwé 17, mo gbé e sókè, mo sì tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀yìn rẹ̀. Àmì búlúù kékeré kan ṣì wà lábẹ́ o àkọ́kọ́ nínú “oko” yẹn. Mo pe bàbá mi. Àwọn náà rí i. Kì í ṣe oko. Àmì abẹ́ yẹn kò lè sọ fún wa bóyá ọkọ́ ni tàbí ọ̀kọ̀, nítorí kò sí àmì ohùn kankan tó kù lókè rẹ̀. Níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu Bàbá àgbà nìkan ni ẹ̀rí tí a ní. Mo tẹ x, v, k, x, v: ọ̀kọ̀. Mo kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé pé àmì abẹ́ kan ṣì hàn lórí ìwé àtijọ́, pé ẹnu Bàbá àgbà ni a ti gba ìyókù, mo sì kọ ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́ àti àwọn tó wà níbẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè sọ lọ́jọ́ iwájú pé èmi ni mo fi àmì sí ibi tó wù mí.

Bàbá mi ti gbé ìwé àtijọ́ náà lọ fún àwọn àgbà ẹbí láti fi tọ́ọ̀ṣì wò ó. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà kò tíì parí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó tún ka gbólóhùn yẹn sí oko mọ́.

Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ẹni tó ń rọ irin fi ń bá wa pinnu lẹ́tà tí a lè tẹ̀. Kọntírólà tó wà lórí tábìlì mi kò mọ èdè kankan, ibi tí a bá ní kí ó fi ẹ sí ló ń fi í sí. A ti tẹ ojú ìwé 31. Ó ku 12. Bàbá àgbà ti pé ọdún 86, nítorí náà a kì í fo Sátidé kankan.